Ewé Tí Wọ́n Ní Ó Wà Lóko Wa

Bàbá mi,

Ara mi le, ikọ́ yẹn ò tó nǹkan mọ́.

Mo rí fọ́tò òkúta tí Samsudeen àbúrò mi fi ránṣẹ́. Ó ní àlejò yín sọ pé ewé àtijọ́ ló wà lára rẹ̀, pé òun fẹ́ kí ẹ tẹ̀ka síwèé kí òun lè gbẹ́ oko iṣu wa ní Òfíkì wò.

Ewé inú òkúta niṣẹ́ mi níbí. Ewé gidi máa ń ní iṣan láàárín, bíi ti èyí tó ń hù lára ọ̀pẹ. Eléyìí ò ní. Omi ìpẹtà ló ya bí ẹ̀ka sójú òkúta. Kí wá ni ọkùnrin yẹn ń wá lábẹ́ iṣu wa? Ẹ má tẹ̀ka síwèé rẹ̀.

Ẹ bá mi kí ìyá mi àti Samsudeen. Ẹ bi í pé ta ló ra ọ̀kadà tuntun tó wà lẹ́yìn òkúta inú fọ́tò yẹn fún un.

Ọmọ yín,
Sodiqat