Iná Búlúù Aago Kan Ààbọ̀

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹwàá, 2001
Eédú ò jó. Ó pọ́n fòò nínú ìléru yàrá ìwádìí wa ní Dublin níbí, ṣùgbọ́n iná ò yọ lórí ẹ̀. Ọ́síjìn wà níbẹ̀ — a ti fa gbogbo omi inú ẹ̀ gbẹ, bí ọ̀gá ṣe fẹ́. Baba Eédú — orúkọ tí mo fún ọ̀gá, kò mọ̀ — ní bí n kò bá rí ìdí ẹ̀, òun ò ní fọwọ́ sí lẹ́tà tí màá fi tún ìwé ìgbélùú mi gbà. Ọjọ́ kọkàndínlógún ló máa parí. Hùmúàní ìyàwó mi sì ti ra bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Ẹ gbà mí!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9
Aago kan ààbọ̀. Mo ṣe àlùwàlá nínú sìńkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìléru, mo kí ìrun Àìlà. Iná búlúù yọ! Kò pẹ́ tí mo sálámà parí ìrun, ó kú.

Ọjọ́bọ̀, 11
Lánàá, bẹ́ẹ̀ náà. Lónìí, bẹ́ẹ̀ náà. Baba Eédú wo aago, ó wo ẹní ìkírun mi. Ó bi mí pé kí ni mò ń sọ fún eédú. Mo ní Ọlọ́run ni mò ń bá sọ̀rọ̀, sà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 15
Ó ní kí n kírun ní aago mẹ́wàá, pé ó máa "grand", ìyẹn ni pé kò séwu. Mo ní àkókò ẹ̀ ò tíì tó. Ṣé ẹ̀rọ tí wọ́n ń tàn ni ìrun ni? Inú bí mi. Hùmúàní rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí ọ̀gá gba òun náà síṣẹ́, òun tún máa ń kí nàfílà, ìrun àfikún.

Ọjọ́rú, 17
Mo rí i! Páìpù ọ́síjìn tó gba abẹ́ sìńkì ti là. Omi gbígbóná ni mo fi ń ṣe àlùwàlá — ta ló máa fi omi tútù ṣe é ní Dublin? — ooru omi yẹn ni pọ́ǹpù ìléru ń fà wọlé. Gáàsì tó ń jáde lára eédú kì í fẹ́ gbiná nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Ọ̀rinrin díẹ̀ ló ń fẹ́. Mo sọ fún ọ̀gá. Ó ní ẹ̀rí dà?

Ọjọ́ Ẹtì, 19
Kó má bàa sọ pé àdúrà mi ni, mo ní kí Baba Eédú fúnra ẹ̀ fẹsẹ̀ sínú sìńkì. Ọkùnrin tó ní òun ò gba nǹkan kan gbọ́! Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Mo ṣí omi gbígbóná. Mo jókòó jẹ́ẹ́, n ò la ẹnu.

Iná búlúù dìde.

Mo ní, "Ẹ ò rí i, sà? Omi ni." Omijé ló ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní òun gbàdúrà nínú ọkàn, Ọlọ́run sì gba tòun náà.

Ó fọwọ́ sí lẹ́tà lórí ìdúró, omi ṣì ń kán lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Níbi tó yẹ kó kọ ohun tí mo rí nínú ìwádìí, ó kọ "àdúrà". Mo ṣàlàyé. Mo tún ṣàlàyé. Ó kàn ń dì mọ́ mi.

Aago mẹ́rin ni ọ́fíìsì ìgbélùú ń tì. Mo gba lẹ́tà náà, mo sáré.