Jíìpù Tí A Rà Lọ́wọ́ Dókítà Ẹran

Gurbardhë, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìn-ín-ní

Mrika ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ilé tí o ń gbé ní Tirana, mo kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, mo sì kí obìnrin tí ẹ jọ ń lo ilé ìdáná, bí kò bá jí wàràkàṣì tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ jẹ mọ́. Kí Ọlọ́run àti Antoni Mímọ́ má jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń rìn geere. Kí òtútù má mọ ilẹ̀kùn rẹ. Bí ara rẹ bá le, ara tiwa náà le, àfi orúnkún bàbá yín tó ń sọ fún wa bí yìnyín bá fẹ́ bọ́, àti àgbò kan tó jábọ́ sí àfonífojì, a ti jẹ ẹ́.

Kí n tó gbàgbé, ọwọ́ kékeré tó na àtàǹpàkò sókè, tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ọwọ́ ta ni? Bí ó bá jẹ́ tìrẹ, kí ló dé tó fi pọ́n bí ìyeyè? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú arákùnrin mi ṣe rí kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tó dáṣẹ́ sílẹ̀. Jọ̀ọ́, lọ rí dókítà.

Ọ̀rọ̀ tí o kọ sínú fóònù, nípa ohun tó yẹ kí a wò kí a tó ra jíìpù àlòkù, mo fi pẹ́ńsù dà á kọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ìjọ, torí bàbá yín ní bí mo bá ń kà á lákàtúnkà báyìí, ó máa tán nínú fóònù. O mọ ìdí tí a fi ń wá ọkọ̀ kiri. Ìbaaka kú nígbà ìkórè. Ẹ̀gbọ́n rẹ Gjon wà ní Ítálì níbi tó ti ń mọ ilé onílé, ìyàwó rẹ̀ Vitore sì wà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú oyún tí wọ́n ní ìbí rẹ̀ yóò bọ́ sí oṣù kìn-ín-ní, oṣù tí ọ̀nà wa kì í jẹ́ ọ̀nà. O rántí Prenda aládùúgbò wa lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ìrọbí mú un, bí wọ́n ṣe tú ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ tí wọ́n fi gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí ọmọ náà kò sì dúró. Láti ìgbà náà ni Vitore kì í ti í wo ilẹ̀kùn ilé wa lẹ́ẹ̀mejì.

A kọ́kọ́ lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta ọkọ̀ ní Shkodër. Olóòótọ́ èèyàn ni àwọn òbí rẹ̀ ní lọ́kàn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Besnik, wọ́n sì ti sa ipá tiwọn. Ó ní jíìpù pupa kan tó ń dán bí ẹyin tí a kùn fún Àjíǹde, pẹ̀lú rédíò. Bí bàbá yín ṣe rí i, ẹnu wọn kò pa dé mọ́.

O kọ ọ́ pé ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù kí wọ́n tó tan án lójú wa. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbóná bí ikùn màlúù. Mo sọ fún Besnik pé ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Tirana ní kó tutù, nítorí náà a máa dúró. Ó ní oòrùn ló mú un. Mo bi í pé oòrùn wo, nínú oṣù kọkànlá? Mo jókòó sórí àpótí kan, mo yọ ìbọ̀sẹ̀ tí mo ń hun fún ọmọ inú Vitore, mo hun ẹsẹ̀ kan tán, mo bẹ̀rẹ̀ èkejì. Besnik gbé kọfí wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní ìyá, òtútù á mú yín níbí o. Mo ní òtútù náà gan-an ni mo ń dúró dè. Nígbà tó wá tan ọkọ̀ náà níkẹyìn, ó kọ́kọ́ kọ̀, ó tún kọ̀, ó wá húkọ́, ó tu èéfín aláwọ̀ aró tó bo ajá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Besnik ní omi ìrì lásán ni. Bàbá yín náà ní ta ni kì í húkọ́ láàárọ̀.

Nọ́ńbà tó ń ka ìrìn rẹ̀ kéré púpọ̀, Besnik sì ní olùkọ́ àgbà kan ló ni ín, pé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń gbé e lọ lọ́jọ́ Àìkú. Mo wo ibi tí awakọ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀, rọ́bà rẹ̀ ti jẹ títí ó fi kan irin. Mo bi í pé ṣọ́ọ̀ṣì wo nìyẹn, ṣé èyí tó wà ní Róòmù ni?

O ní kí a wo abẹ́ rẹ̀. Mo tẹ́ àpò sílẹ̀, mo wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Àìkú mi, àwọn ọkùnrin tó ń mu kọfí lódìkejì sì dìde dúró kí wọ́n lè rí mi dáadáa. Abẹ́ náà dúdú minimini, ọ̀dà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ ni. Èmi tí mo ti ra ìbaaka mẹ́ta láyé mi, mi ò rí ẹni tó kun abẹ́ ìbaaka rí. Mo bá fi abẹ́rẹ́ ìhunṣọ mi gún irin gbọọrọ tó gbé gbogbo ara rẹ̀ dúró, ó wọlé bí ẹni gún wàràkàṣì tuntun, ìpáàrà sì dà sí mi lójú. Besnik pariwo pé kí n má gún ọkọ̀ òun mọ́. Mo ní irin tí abẹ́rẹ́ arúgbó wọ̀, kí ni òkúta ọ̀nà wa máa fi ṣe?

Bàbá yín ń kùn títí a fi délé. Wọ́n ní èmi àti fóònù ti dìtẹ̀ mọ́ àwọn. Ó dùn wọ́n lóòótọ́, Mrika, torí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi sọ fún gbogbo abúlé pé pupa ni àwọn máa gbé wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, awakọ̀ bọ́ọ̀sì wa sọ fún wa nípa Kolë, dókítà ẹran tó ti fẹ̀yìntì ní Pukë. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kò lè wakọ̀ mọ́. Jíìpù tirẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ó burẹ́wà, ilẹ̀kùn òsì rẹ̀ wá láti ara ọkọ̀ mìíràn, àfi bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì tí kò bára mu. Mo gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó tutù bí òkúta. Ó tan lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gún abẹ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ mi ló tẹ̀. Mo fi òwú wọn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan kò ju ọ̀kan lọ. Mo ń pe nọ́ńbà tó wà lára irin ọkọ̀ náà, Kolë gbé ìwé ọkọ̀ sún mọ́ ojú, ó ń fi ìka tọ èyí tó wà níbẹ̀, ó ń dáhùn bí ìgbà tí a ń gba rósárì. Lẹ́yìn náà ló fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àbùkù ọkọ̀ náà fún wa. Ó ní ó ń jo epo díẹ̀ lẹ́yìn, pé ẹsẹ̀ òsì nìkan ni ẹ̀rọ ooru rẹ̀ ń mú gbóná, pé kí a má sì gbá ilẹ̀kùn òsì, ó máa ń bínú. Bàbá yín bi mí létí pé irú ọlọ́jà wo nìyí tó ń bú ọjà ara rẹ̀. Mo ní irú èyí tí a máa rà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Bàbá yín wa ọkọ̀ náà lọ sí pápá ẹlẹ́rẹ̀ kan, Kolë sì fi ọ̀pá kékeré kan hàn wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà. Ó ní bí ọ̀nà bá ṣòro, ẹ dúró pátápátá, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ fà á sẹ́yìn, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jọ máa fà, wọ́n á di ẹsẹ̀ màlúù, á lọ́ra, ṣùgbọ́n á dé. Ó ní kí n fà á wò, mo fà á. Bàbá yín ń wo ibi tí rédíò ì bá wà. Nígbà tí a sanwó tán tí a ń lọ, Kolë fi ọwọ́ gbá òrùlé ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́, ó sì wọlé lọ láìwẹ̀yìn.

Ní ọ́fíìsì tí a ti lọ forúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè àwọ̀ ọkọ̀, mo kọ ọ́ pé àwọ̀ ewé ni, àfi ilẹ̀kùn òsì tó jẹ́ elése àlùkò bí aṣọ bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n béèrè iye èèyàn tó ń gbà, mo kọ márùn-ún, mẹ́sàn-án bó bá jẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní kí n kọ òótọ́. Mo ní òótọ́ náà nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ìrọbí mú Vitore. Yìnyín ti dé orúnkún. A fi kúbùsù wé e, a gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, bàbá yín wà á. Níbi tí odò gba ojú ọ̀nà kọjá, táyà bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan. Bàbá yín tẹná, ọkọ̀ yọ̀ sẹ́yìn sí ìhà àfonífojì. Mo ní kí wọ́n dúró, wọ́n ní obìnrin kì í dá awakọ̀ lọ́wọ́ kọ́. Wọ́n tún tẹná, a tún yọ̀ sẹ́yìn. Vitore, tí kò gbóhùn sókè sí bàbá ọkọ rẹ̀ rí, wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ti ìyá. Wọ́n dúró. Mo ní kí wọ́n tẹ kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fa ọ̀pá kékeré náà, ó ké, ó wọlé. Ọkọ̀ náà ronú díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó lọ́ra débi pé ajá Prenda tó tẹ̀ lé wa kọjá wa lọ.

Kí aago méjìlá tó lù, a ti dé ilé ìwòsàn, Vitore sì ti bí ọmọbìnrin, ohùn rẹ̀ sì le. Inú bàbá yín dùn débi tí wọ́n ní Kolë la máa sọ ọ́, a rán wọn létí pé obìnrin ni. Lẹ́yìn náà a jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, èmi àti bàbá yín nìkan. Wọ́n ní Dila, èmi ì bá ti pa wá. Ọdún mẹ́rìndínlógójì tí mo ti wà nílé wọn, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo bu omi fún wọn mu.

Ní báyìí, ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ tọrọ. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe ti ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun wà. Mo fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ ní Shkodër. Mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní wọ́n ń gba ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Bàbá yín ní kò sí obìnrin tó wakọ̀ rí ní Gurbardhë. Mo ní kò sí ọkùnrin tó wà á dáadáa náà. Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀, a bá ara wa fà á títí oúnjẹ fi tutù. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ àná mo jáde lọ fún adìyẹ lóúnjẹ, mo bá wọn nínú jíìpù, wọ́n ń ti àga awakọ̀ síwájú, bí wọ́n bá tì í tán wọ́n á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ wọn ibẹ̀, wọ́n á tún tì í sí i, torí ẹsẹ̀ mi kò gùn. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n ní ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ń gbá. Kò sí ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ibikíbi tí o bá kọjú sí, kí ọ̀nà là fún ọ, kí o má sì ṣe aláìrí ẹni tó máa sọ òótọ́ fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Dila