Ìwé Tí Ọkọ Mi Kọ Létí Òkun

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú làákàyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́.

Iṣẹ́ ọdẹ alẹ́ ni ọkọ mi ń ṣe, èmi ń ránṣọ lọ́sàn-án. A kì í fi bẹ́ẹ̀ bára wa nílé, ọdún mọ́kànlá la ti ń kọ̀wé sílẹ̀ fún ara wa lórí tábìlì.

A lọ sinmi létí òkun. Láàárọ̀ ọjọ́ tá a máa padà, mo jí, mo bá ìwé: "Mo ti lọ. Tilẹ̀kùn dáadáa o." Àṣé ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, ó ń wo omi! Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ó ní, "Ìyá wọn, ó ti mọ́ mi lára ni. Ṣé kí n wá iṣẹ́ ojúmọmọ?"

Mo ká ìwé náà sínú àpò mi. Ẹ̀yin tọkọtaya tẹ́ ẹ ń fẹnu sọ̀rọ̀, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Mo ti kọ "Bẹ́ẹ̀ ni" sẹ́yìn ìwé náà, mi ò tíì lè fún un. Ẹ bá mi kà á sókè. Ó ń gbọ́ yín níbi iṣẹ́.