Ìwé Tí Mo Tẹ̀ka Sí Láìgbọ́

Bàbá mi, ẹni tí mo ti ń pè ní Bàbá kí n tó mọ orúkọ ara mi,

Orí àga yín tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń kọ ìwé yìí, àga tí mo ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí ẹ fi fi ayé sílẹ̀ lọ, síbẹ̀ mo jókòó bí ọmọ tí ó fọ́ ìkòkò ọbẹ̀. Mo ti fi orúkọ yín ṣe ohun kan tí ó ń rí mi lára. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi, kí àwọn ará àdúgbò wa tí ń kú bọ̀ lọ́dọ̀ yín tó fi iyọ̀ tiwọn sí i. Ẹ mọ̀ wọ́n. Ikú kò lè pa òfófó lẹ́nu wọn.

Ojú mi ti ṣú, Bàbá. Awọ funfun kan ti bo ẹyinjú méjèèjì, lẹ́tà tí mo ń kọ yìí pàápàá, bí orí pátákó ni mo ṣe ń kọ ọ́, gàgàrà gàgàrà. Ó dùn mí, nítorí ẹ mọ ìyà tí mo jẹ kí n tó mọ̀wé. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà kí oko kòkó tó gbà mí lọ́wọ́ tíṣà. Inú bébà ìwé ìròyìn tí wọ́n fi pọ́n àkàrà ni mo ti kọ́ ìyókù. Ẹ ó tẹ́ bébà náà sórí itan yín, ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu òróró rẹ̀, ẹ ó sì ní, “Ùwé yìí ń sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n gbọ́.” Ẹ ó wá di ojú, ẹ ó ti pákò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Bí mo bá dé ibi tí ìjọba ti ṣèlérí ọ̀nà tàbí omi, ẹ ó ní kí n padà sẹ́yìn, kí n tún un kà. Kí ni ẹ máa ń gbọ́ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì tí kò sí nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní? N kò bi yín rí.

Fúnmiláyọ̀, ọmọ-ọmọ yín tí ó jẹ́ tíṣà ní Adó, ni ó rí i pé inú mi ń bàjẹ́. Ó kó àwọn ìwé kan sínú fóònù mi, irú èyí tí ẹnìkan ti kà sílẹ̀ tí a kàn ń fetí gbọ́. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlú àti ìṣèjọba ni mo fẹ́ràn. Mo wá di ẹ̀yin: mo jókòó sórí àga yín, mo di ojú, mo ń gbọ́.

Ìwé àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi bì. Olóṣèlú ńlá kan ni ó kọ ọ́ nípa ara rẹ̀, òun náà ni ó sì ń kà á, pẹ̀lú ohùn kan tí ó dà bí ẹni fi oyin pa ahọ́n. Gbogbo ọ̀nà, òun ni ó là á. Gbogbo opó, òun ni ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo pa á ní ìdajì, mo lọ bu omi ṣan ẹnu, bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọ́.

Ìkejì ni ó mú mi. Obìnrin kan ni ó ń kà á, ohùn rẹ̀ gbẹ, kò ṣe yàngà. Ó ń ṣàlàyé ohun tí káńsù jẹ aráàlú, ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, àti bí a ṣe ń béèrè. Bí orí kan bá parí, yóò bi ẹni tí ń gbọ́ ní ìbéèrè, yóò sì dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni pé ó ń retí èsì. Èmi náà a máa dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí etí ni mo ki ohun èlò ìgbọ́rọ̀ rẹ̀ sí, kò sí ẹlòmíràn tí ń gbọ́ obìnrin náà. Bàbá Káfíńtà, aládùúgbò tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, dúró lójú títì, ó kígbe kí gbogbo ayé lè gbọ́: “Ẹ̀gbọ́n, ta ni ẹ ń bá jà? Àbí àwọn ará ọ̀run ti ń fi fóònù pè yín?”

Kí ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé ìdí ẹ̀rọ èlùbọ́ pé orí mi ti ń yí. Ẹ mọ bí irú rẹ̀ ṣe ń ṣe mí. Ní ọjọ́ kejì, mo yọ nǹkan náà kúrò létí, mo jẹ́ kí fóònù máa pariwo. Bàbá Káfíńtà wá, àwọn mìíràn náà wá. A jọ ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó tí mo sá, a ń gbọ́. Bàbá Káfíńtà ni ó ń mi orí sí i ju gbogbo wa lọ. “Ọ̀rọ̀ rèé! Wọn ò lè rí wa mú mọ́!”

Bàbá, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi rí wa mú.

Ọkùnrin kan ti káńsù wá, pẹ̀lú ìrẹsì fún àwọn àgbà, àti ìwé kan. Àṣà àdúgbò wa kò tíì yí padà: ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ sí ìwé kí ẹni tí ó dàgbà jù tó fọwọ́ sí i, bí àgbà bá sì ti fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé òun kò ṣe. Èmi ni mo dàgbà jù báyìí. Ọkùnrin náà mọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ìwé ìdúpẹ́ lásán ni. N kò rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ ní kí wọ́n kà á, ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi, ni Bàbá Káfíńtà bá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre! Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n ní ẹ̀yin lẹ̀ ń dínà ire àdúgbò?”

“Kí wọ́n ní.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó dè mí lọ́wọ́. Mo tẹ̀ka. Gbogbo wọn tò tẹ̀lé mi. Mo sì jẹ ìrẹsì náà, Bàbá. Èyí ni ó rí mi lára jù lọ. Mo jẹ ẹ́, mo tún bù kún un.

Ẹ rántí ọkùnrin tí ń ra kòkó, tí ó mú ìwé wá fún yín láti tẹ̀. Ẹ ká a sínú fìlà, ẹ gbé e wálé, ọjọ́ méjì ni mo fi tú lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tí a fi rí i pé oko yín ni wọ́n fẹ́ gbà fi ṣe ìdógò. Ó fi yín rẹ́rìn-ín lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ dá ìwé náà padà fún un bí ó ti wà. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀wé kò tẹ̀ka sí ohun tí ẹ kò gbọ́. Èmi tí mo mọ̀wé, tí mo ń gbọ́ odidi ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà, ni mo tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, a jókòó sídìí kòkó, orí kan parí, obìnrin inú fóònù béèrè pé: “Ìwé wo ni ẹ fọwọ́ sí kẹ́yìn ní àdúgbò yín? Kí ni ó wà nínú rẹ̀?” Bàbá Káfíńtà ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Obìnrin yìí ti ń sọ̀rọ̀ jù. Ẹ yí i sí orin ìjọ.”

Ìwé náà kò tíì lọ. Ọjọ́ Sátidé, ní ìpàdé àdúgbò, ni ó yẹ kí Ìyá Tíṣà, akọ̀wé wa, fi òǹtẹ̀ lù ú. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kò sì sí nílé lọ́jọ́ tí a tẹ̀ka. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí àgbà ti tẹ̀ ẹ́, kò ní ẹnu tí yóò fi kọ̀. Àyàfi bí èmi bá sọ̀rọ̀. Mo lọ sí ìpàdé náà. Nígbà tí ó gbé òǹtẹ̀, mo dìde, mo ní kí ó kọ́kọ́ ka ìwé náà sí mi létí.

Ọkùnrin káńsù rẹ́rìn-ín. “Bàbá wa, kò pọn dandan. Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ tán!”

Mo ní, “Bàbá tí ó bí mi kì í tẹ̀ka sí ohun tí kò gbọ́. Ẹ kà á.”

Ìyá Tíṣà kà á. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé àwa àgbà àdúgbò dúpẹ́ lọ́wọ́ káńsù pé wọ́n ti kan òrùlé tuntun sí ilé ìwòsàn wa, pé omi ẹ̀rọ ń ṣàn níbẹ̀, pé nọ́ọ̀sì ń sùn níbẹ̀. Ilé tí atẹ́gùn ti ṣí lórí láti ọjọ́ yìí! Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí ọmọ rẹ̀ bímọ sẹ́yìn ọ̀kadà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn ní Àrámọ̀kọ́, bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò fẹ́ gbọ́ mọ́ láé. “Nọ́ọ̀sì wo? Àbí ewúrẹ́ tí ń sùn níbẹ̀ ni wọ́n gbà síṣẹ́?”

Mo ní kí Ìyá Tíṣà fi ìka mi lé ibi tí wọ́n kọ orúkọ mi sí. Ó ní, “Orúkọ yín rèé, orúkọ bàbá yín ni ó tẹ̀lé e.” Mo fi gègé pa méjèèjì rẹ́, mo fà á títí bébà fi ya. Ìyá Tíṣà sì kó òǹtẹ̀ rẹ̀ padà sínú àpò.

Àwọn méjì péré ni wọ́n wá pa tiwọn rẹ́. Bàbá Káfíńtà kì í kí mi mọ́. Wọ́n ti ń sọ nídìí ẹ̀rọ èlùbọ́ pé ẹgbẹ́ òṣèlú kejì ni ó gbé ìrẹsì tí ó pọ̀ jù ti káńsù lọ wá fún mi. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá, bí mo bá gbọ́ ẹ̀rín lójú títì, àyà mi a já. Ọjọ́ tí ẹni tí ń ra kòkó fi yín rẹ́rìn-ín, ṣé àyà tiyín náà já? Ẹ kò sọ ọ́ fún mi. Pákò nìkan ni mo rí tí ẹ ń jẹ.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ti àdúgbò wa dé ọ̀dọ̀ yín, tí ó ní ọmọ yín ti ya wèrè, tàbí pé ó ti ta ara rẹ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ di ojú, kí ẹ sì ní kí ó ka ohun tí ó wà nínú ìwé náà sí yín létí. Bí ó bá dé ibi òrùlé, ẹ ní kí ó padà sẹ́yìn, kí ó tún un kà.

Èmi ni, pẹ̀lú ìfẹ́ tí ojú ṣíṣú kò lè bò,
ọmọ yín tí ń ka bébà àkàrà fún yín.