Kernel Tó Ń Kú Láìsọ̀rọ̀

Ọjọ́bọ̀, Thamesmead

Mo dúpẹ́ lónìí. Kernel mi, ètò tó yẹ kó máa darí kọ̀ǹpútà, kò kú mọ́.

Inú kọ̀ǹpútà àfarawé kan lórí laptop mi ni mo ti ń dán an wò. Tẹ́lẹ̀, ṣe ló kàn máa ń kú, kò ní sọ ohun tó ṣe é. Ọ̀la sì ni olùkọ́ mi fẹ́ rí i.

Auntie Rónkẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kọ̀ǹpútà, yà kí mi láti Woolwich. Mo sọ ìṣòro náà fún wọn. Wọn ò tilẹ̀ tíì bọ́ kóòtù tí wọ́n fi bi mí pé:

"Ṣé o fún un níbi tó lè sọ̀rọ̀ sí kó tó kú?"

"Rárá, ma."

Wọ́n ní kí n jẹ́ kó máa kọ gbogbo ohun tó bá ń ṣe sínú fáìlì kan lórí laptop gan-an, kì í ṣe nínú kọ̀ǹpútà àfarawé náà. A tún tàn án. Ó kú, àmọ́ fáìlì ṣẹ́kù, ìlà tó gbẹ̀yìn sì fi ibi tí mo ti ṣàṣìṣe hàn wá. Mo tún un ṣe. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ báyìí.

Ẹ̀rù ọ̀la ṣì ń bà mí díẹ̀.

Mo sìn wọ́n dé bus stop. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́, wọ́n fà mí dìde. Wọ́n ní ilẹ̀ tutù, pé Mummy mi ò rán mi wá sí London kí n wá gba òtútù sórúnkún.