Màámi, Abẹ́rẹ́ Yín Kọ́ Ló Ń Fa Jẹjẹrẹ Ọmú

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìnira ara. Mo kí Ràmọ́tà àbúrò mi tó ń tọ́jú yín, mo kí gbogbo ará ilé wa n'Ílọrin. Àlàáfíà ni mo wà ní Kùmásì nílẹ̀ Gánà níbí, bí a bá yọ ti wàhálà tí ẹ kó bá mi kúrò. Mo jẹ́ kí gbogbo ayé ka lẹ́tà yìí nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ orí Wasáàpù yẹn.

Òjò ń rọ̀ ní ọjà Adum, mo ń sáré kó aṣọ tí mò ń tà wọlé, ni Ràmọ́tà pè mí tẹkúntẹkún. Ó ní ẹ ti pa abẹ́rẹ́ ínsúlínì yín tì, omi lẹ̀ ń mu ṣáá, òòyì ń kọ́ yín. Ó ní ẹnìkan ló fi ohùn ránṣẹ́ pé ínsúlínì ló ń fa jẹjẹrẹ ọmú. Háà! Ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí sọ̀rọ̀, ẹ gbà á gbọ́. Dókítà tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ yín, ẹ ò bi í.

Mo pè yín. Ẹ ní ojú yín ni jẹjẹrẹ ọmú ṣe pa Àǹtí Sìfáwù, ẹ̀gbọ́n yín, ẹ ò ní fọwọ́ ara yín gún un sára. Mo bẹ̀ títí, ó sú mi. Ẹ wá ní àfi tí mo bá lọ yẹ ọmú tèmi wò, kí n sì bi wọ́n léèrè níbẹ̀ bóyá òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn, kí ẹ tó gba abẹ́rẹ́. Màámi, ẹ̀mí yín lẹ fi ń ná ọjà pẹ̀lú mi bí ẹni ń ra bàtà ní ọjà Kejetia!

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ayigya, àdúgbò tí mò ń gbé. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀, obìnrin Àṣáńtì kan tí kì í rẹ́rìn-ín, yẹ̀ mí wò, ó ní òun ò rí kókó kankan. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yín fún un, ó kọ́kọ́ pòṣé. Ó ní ẹni tó bá ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń mu mínírà ẹlẹ́rìndòdò bí omi, tí ọ̀rá sì kún ikùn rẹ̀, ara rẹ̀ lè má gbọ́ràn sí ínsúlínì mọ́, ara á wá máa pèsè rẹ̀ lápọ̀jù. Àpọ̀jù yẹn lè máa ti sẹ́ẹ̀lì inú ọmú láti dàgbà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó lè dá kún ewu, kì í ṣe pé onítọ̀hún ti ní jẹjẹrẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tiyín, ohun tí ara yín ò ní tó ló ń dí. Tí ẹ bá pa á tì, ṣúgà á gbé yín lọ. Ló bá wo ikùn mi, ó ní kí èmi náà fi mínírà sílẹ̀, kí n máa rìn.

Níbẹ̀ ni mo ti pè yín, mo ro gbogbo rẹ̀ fún yín. Ẹ bi mí bóyá lóòótọ́ ni wọn ò rí nǹkan kan lọ́mú mi. Ẹ tún bi mí. Ẹ wá ní kí Ràmọ́tà pe ọkọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti ń fa omi sí yín lára nílé ìwòsàn, ẹ sì ti gba abẹ́rẹ́.

Ara yín ti yá báyìí, wàhálà wá dé bá èmi! Tí ẹ bá ti kírun àsùbáà tán, ẹ ti pè: ṣé mo ti rìn? Lánàá, ẹ ní irọ́ ni mò ń pa, ẹ ní kí n gbé fóònù sísàlẹ̀ kí ẹ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Gbogbo ará Ayigya ń wò mí. Mò ń rìn, Màámi. Ẹ ṣáà máa gba abẹ́rẹ́ yín.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kó fi ojú wa rí ara wa láyọ̀. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Sẹ̀kínátù