Ọwọ́ Mi àti Iná Mtwara

Ọjọ́ Ajé, 1/9
Lẹ́tà tí mo fi ń tọrọ Somoe ti lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Mjomba Mtipa, ni alárenà. Mo ní, "Ẹ sọ fún bàbá ẹ̀ pé èmi ni mò ń mú iná wá fún gbogbo ìlú Mtwara." Wọ́n wò mí. "Ìwọ tó ń fọ fílítà ní iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná?" Mo ní afẹ́fẹ́ tí ò bá gba inú fílítà mi kọjá, ẹ́ńjìnnì ò ní jó gáàsì, iná ò ní wá. Ta ló wá ń mú un wá? Wọ́n ki lẹ́tà sápò, wọ́n lọ. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà o!

Ọjọ́rú, 3/9
Kò tíì sí èsì.

Ọjọ́bọ̀, 4/9
Èsì dé. Rárá ni. Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́jọ — bí mo ṣe ń pe bàbá Somoe nìyẹn, torí pweza, ẹran òkun tó lẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, ló ń tà, fírísà mẹ́ta ló kún fún un — ní òun ò fún mi lọ́mọ. Kò sọ ìdí. Somoe ń sunkún lórí fóònù: "Ẹnu ẹ ló fà á." Ẹnu wo? Bàbá yẹn ò gbà mí gbọ́ ni. Màá fi hàn án.

Àbámẹ́ta, 6/9
Orí mi ò gbàgbé mi! Madam Tekla, injíníà wa, kọ ọ́ sára pátákó: Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n máa pa ẹ́ńjìnnì kẹrin, kí wọ́n tún un ṣe. Mẹ́sàn-án ni ẹ́ńjìnnì wa. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀ — ìkẹrin ni ti àdúgbò Somoe. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Èmi ni mo fọgbọ́n mọ̀ ọ́n.
Mo ránṣẹ́ sí Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́jọ: Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin, màá gbọ́wọ́ sókè, iná á lọ.

Ìṣẹ́gun, 9/9
Kí ilẹ̀ lanu.
Ìdajì àdúgbò ti wà lágbàálá bàbá Somoe. Èmi nìyí, nínú aṣọ iṣẹ́ tí mo lọ̀ gán-ín. Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́jọ jókòó lórí fírísà, ó ń làágùn. Aago mẹ́rin lù. Mo gbọ́wọ́ sókè. Fáànù ń yí. Mo gbé ìkejì. Fáànù ń yí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá — apá ń ro mí. Ìyá àgbà Mmakua kan (ẹ̀yà Mmakua lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹ̀yà tiwa ṣẹ̀fẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ bínú) pariwo pé, "Gbé ẹsẹ̀ náà sókè, bóyá ibẹ̀ ni súìṣì wà!" Mo sá lọ.

Ọjọ́rú, 10/9
Mo bi Madam Tekla. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. "Ẹ́ńjìnnì àdúgbò wo? Ojú kan náà ni gbogbo wọn ń da iná sí. Ọ̀kan á sinmi, àwọn yòókù á gbé ẹrù ẹ̀. Ìdí tá a fi rà wọ́n tó mẹ́sàn-án nìyẹn."
Wọn ì bá ti sọ fún èèyàn.

Ẹtì, 12/9
Mjomba wọlé. Mo ti faṣọ borí.
"Dìde, aláriwo. Ó ti gbà!"
Ta ló gbà?
"Bàbá Somoe! Ẹ̀rù ló ń bà á tẹ́lẹ̀. Ó ní tó o bá bá Somoe jà lọ́jọ́ kan, tó o lọ pa iná, gbogbo pweza òun á jẹrà. Ó ti wá rí i pé o ò lè pa gílóòbù kan. Inú ẹ̀ ń dùn!"
Àmọ́ ó fẹ́ kí n dìde lọ́jọ́ Àìkú, lójú gbogbo àgbà, kí n fẹnu ara mi sọ pé mi ò lágbára kankan lórí iná. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí Somoe.
Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó.
"Rò kí ni? Ṣé orí ẹ pé?"

Àìkú, 14/9
Mo sọ ọ́. Mo dìde: "Ẹ̀yin àgbà, mi ò lágbára kankan lórí iná. Fílítà ni mò ń fọ̀." Somoe ń yọjú lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́jọ nawọ́ sí mi: "Ọmọ mi."
Ó yẹ kí n jókòó. Mo jókòó náà. Ẹnu mi ni ò jókòó: "Ṣùgbọ́n ní gbogbo Mtwara, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n fọ̀ bíi tèmi!"
Mjomba dojú bolẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́jọ wò mí, ó wo fírísà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó rò ó wò.
"Ìyẹn ò lè ba pweza jẹ́," ló wí.
Oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó.